Snowmobile ò sítáàtì, wọ́n ní iná ló ń ṣe é: iná wo gan-an?

Láti ìgbà tí yìnyín ti bo ilẹ̀ níbí ni fóònù mi ò ti sinmi. Àwọn èèyàn wa tó wà ní àríwá Minnesota ní Amẹ́ríkà, àtàwọn kan tó ti sọdá sí Manitoba ní Kánádà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: ẹ̀gbọ́n, snowmobile mi ò sítáàtì, wọ́n ní iná ló ń ṣe é, iná wo ni wọ́n ń sọ? Ẹnì kan ti ra bátìrì tuntun, kò sítáàtì. Ẹlòmíì ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Arábìnrin kan tí ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ó ń fa okùn, ó ń fa okùn, èémí ẹ̀ ń rú jáde lẹ́nu bí èéfín, ẹ̀rọ ò tiẹ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé tẹ́nì kan bá jókòó tì í fún wákàtí kan péré kó ṣàlàyé, ó máa rí ohun tó ń ṣe é fúnra ẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ eléyìí nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ò rí i rí, ẹ ronú ọ̀kadà tí wọ́n yọ táyà ẹ̀ méjèèjì. Wọ́n fi ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ gbọọrọ méjì síwájú ẹ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n wá fi bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ kan sẹ́yìn tó ń gbá yìnyín sẹ́yìn kí ẹ̀rọ lè máa lọ síwájú. Kì í ṣe nǹkan ìṣeré lásán o. Joseph-Armand Bombardier, ará Valcourt ní Québec, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin kan kú ní 1934 torí pé yìnyín ti dí gbogbo ọ̀nà, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé e dé ọsibítù, ọkùnrin yẹn ò sì dá iṣẹ́ ọkọ̀ orí yìnyín tó ń ṣe dúró títí ó fi gbé snowmobile tó ń jẹ́ Ski-Doo jáde ní 1959. Níbí, àwọn èèyàn ń gùn ún lọ pẹja lórí adágún tó ti dì, wọ́n ń gùn ún lọ sáàárín igbó tí mọ́tò ò lè dé. Tó bá wá kú mọ́ yín lọ́wọ́ níbẹ̀ lálẹ́, tí òtútù wà ní -30°C, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Iná méjì ló wà nínú ẹ̀

Ohun tó ń da gbogbo èèyàn láàmú ni pé wọ́n rò pé iná kan ló wà. Méjì ni.

Èyí àkọ́kọ́ ni iná tó ń yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kọ́rẹ́ǹtì kúrò nínú bátìrì, ó gba inú sólẹ́nọ́ìdì kọjá (súwíìṣì ńlá tó ń ṣílẹ̀kùn fún kọ́rẹ́ǹtì), ó bọ́ sínú sítátà, sítátà wá ń yí ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ tí apá yín ń ṣe náà nìyẹn tẹ́ ẹ bá fa okùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí kejì ni iná tó ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, òun ló ń sun epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ pọ̀ rèé: lára ọ̀pọ̀ snowmobile, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tó ní kabúrétọ̀, iná kejì yìí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bátìrì rárá. Ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é bó ṣe ń yí. Ẹ rántí I-pass-my-neighbour tá a jọ lò nílé, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn tá a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀. Ṣé ó ní bátìrì? Kò ní. Ẹ fa okùn, ó jí. Inú ara ẹ̀ ló ti rí iná. Ohun tó wà nínú snowmobile olókùn náà nìyẹn, ó kàn tóbi jù ú lọ ni.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ bi ara yín: ṣé ẹ́ńjìnnì ò yí ni, àbí ó ń yí àmọ́ kò gbà? Tí kò bá yí nígbà tẹ́ ẹ tẹ sítátà, iná àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ tọ̀ lọ. Tó bá ń yí dáadáa, bóyá sítátà ló ń yí i tàbí okùn, tí kò wá gbà, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, kò mọ̀ nǹkan kan. Ẹni tó ra bátìrì tuntun sí ẹ̀rọ tó ń yí fìrìfìrì tí kò gbà, owó ẹ̀ ló ná dànù.

Mo gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan sí i. Àwọn tuntun tí kọ̀ǹpútà ń fún lépo, pàápàá àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn dà bíi ti mọ́tò tí kì í lo epo àpòpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn nílò bátìrì tó lágbára kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń fa epo tó lè jí. Ti irú wọn, bátìrì lè jẹ̀bi iná méjèèjì. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Kí ni wọ́n ń pè ní stator, CDI àti kọ́ìlì?

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn ibi tí okùn wà, irin rìbìtì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ màgínẹ́ẹ̀tì mọ́ inú ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí ló ń yí. Wáyà kọ́pà tí wọ́n ká rẹpẹtẹ jókòó sí abẹ́ ẹ̀, kò ní yí, wọ́n ń pè é ní stator. Bí màgínẹ́ẹ̀tì bá ti ń kọjá lórí kọ́pà yẹn, kọ́rẹ́ǹtì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn ọlọ́kadà wa mọ̀ ọ́n dáadáa, kọ́ìlì màgínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é.

Kọ́rẹ́ǹtì yẹn lọ bá àpótí dúdú kékeré kan tó ń jẹ́ CDI. Ọ̀kadà náà ní in. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọmọ ni pé CDI dà bí ọmọ tó fa rọ́bà kànnàkànnà dẹ́yìn tó dì í mú, kò tíì ta á, ó ń dúró kẹ́nì kan sọ pé "ó yá". Ẹni tó máa sọ "ó yá" ni kọ́ìlì kékeré míì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rìbìtì yẹn, òun ló mọ àkókò gan-an tí písítìnì fẹ́ dé òkè. Bó ṣe sọ̀rọ̀ báyìí, CDI á tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmọ́ ohun tí CDI tú sílẹ̀ kò ju fóòtì (volt, ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára iná) ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, kò lè fo àlàfo tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì ńlá tí wáyà púlọ́ọ̀gì ti jáde ló máa gbé e dé 20,000 fóòtì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ló máa fò, ló máa ta pá! Àlàfo ọ̀hún ò wá ju nǹkan bíi 0.7 sí 0.8 mìlímítà lọ lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan: torí pé yíyí ẹ́ńjìnnì ló ń bí iná, tẹ́ ẹ bá fa okùn jẹ́jẹ́, iná ò ní tó. Ẹ fà á gìrì, kó yí dáadáa. Àwọn kan wà tí nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ wọn, òtútù ló mú ẹ́ńjìnnì le tí apá ò wá ká a.

Ṣé iná ni lóòótọ́, àbí epo?

Ẹ fa okùn bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, kẹ́ ẹ wá tú púlọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹ̀. Tó bá gbẹ táútáú, tí kò rùn epo, epo ni ò dé ibẹ̀, àlàyé míì nìyẹn. Tó bá tutù tó ń rùn epo, epo ti dé, ó ń dúró de iná tí kò wá. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé epo ti pọ̀ jù ló pa iná púlọ́ọ̀gì, ẹ nù ún gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ fi tuntun sí i, kẹ́ ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó dá ẹ̀bi fún ohunkóhun. Ẹ́ńjìnnì tó ń sun ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo máa ń dí púlọ́ọ̀gì lẹ́nu gan-an, púlọ́ọ̀gì sì ni nǹkan tó pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn nǹkan tí wọ́n dìídì ṣe láti pa á

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo apá yìí o, torí ibí ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti kú.

Snowmobile ní bọ́tìnnì pupa kan lórí hándù, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó máa pa ẹ́ńjìnnì. Ó tún ní okùn kékeré kan tó ń so mọ́ ẹni tó ń gùn ún, ẹnu ẹ̀ kejì há mọ́ ara ẹ̀rọ, kó lè jẹ́ pé tẹ́ni náà bá já bọ́, okùn á yọ, ẹ̀rọ á kú, kò ní sá lọ pa ẹlòmíì. Kọ́kọ́rọ́ tún wà. Àwọn kan tún ní súwíìṣì tó fara pamọ́ sídìí ibi tẹ́ ẹ ti ń fún un níná kó sáré, tí wáyà ìfúnná bá dẹ̀ tàbí tó dì sínú yìnyín, súwíìṣì yìí máa pa ẹ́ńjìnnì torí ó rò pé ìfúnná ti há. Gbogbo wọn ló ń dáàbò bo yín. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn náà wà níta nínú omi àti yìnyín, ọmọdé lè tẹ bọ́tìnnì pupa nígbà tó ń ṣeré lórí ẹ̀, ìpata lè wọnú ẹ̀, omi lè dì síbẹ̀.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa wọlé kẹ́ ẹ fà á jáde bí ìgbà mẹ́wàá. Ẹ yọ okùn ààbò, ẹ nu ẹnu ẹ̀, ẹ kì í bọ̀ ọ́ pa dà títí ẹ máa fi gbọ́ ọ pé ó wọlé. Lára àwọn Ski-Doo kan, okùn yẹn ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ nínú bíi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ayé òde òní, tẹ́ ẹ bá mú ti ẹlòmíì há síbẹ̀ ẹ̀rọ ò ní gbà á. Pípè kúkúrú méjì tó máa ń ké ló ń sọ fún yín pé ó ti dá a mọ̀.

Báwo ni bọ́tìnnì ṣe ń pa á? Lára ọ̀pọ̀ wọn, wáyà kan jáde látinú CDI wá sídìí bọ́tìnnì. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, wáyà yẹn á kan irin bọ́dì, gbogbo kọ́rẹ́ǹtì tó yẹ kó lọ sí púlọ́ọ̀gì á ya bá irin lọ, ó tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ìtàn tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ dá lé e lórí. (Ti àwọn míì, òdìkejì ni, wáyà gbọ́dọ̀ so pọ̀ kó tó sítáàtì, tẹ́ ẹ bá já a ni yóò kú.)

Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò yí

Iná àkọ́kọ́ rèé. Ẹ tẹ́tí sí i kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Tó bá dákẹ́ lọ gbári, tí iná iwájú náà ò tàn, ẹ wo fíúùsì, kẹ́ ẹ wo orí bátìrì bóyá nọ́ọ̀tì ti dẹ̀ tàbí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti bò ó. Tó bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bátìrì ti rẹ̀ tàbí wáyà ẹ̀ ò mú dáadáa. Tó bá dún kọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò yí, tí bátìrì sì lágbára, ẹ fura sí sólẹ́nọ́ìdì tàbí sítátà fúnra ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ìpata ìdí ẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ẹ gbé mítà lé bátìrì lórí. 12.6 sí 12.8 fóòtì, ó kún. Tó bá ti sún mọ́ 12.0, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìyẹn gbọ́ nìkan, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan tẹ sítátà nígbà tí mítà ṣì wà níbẹ̀, tó bá já wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 9.6, bátìrì yẹn kàn ń pariwo ni, kò lágbára.

Òtútù ni ọ̀tá ẹ̀. Bátìrì tó ní ásíìdì, tó bá ti dé -18°C, nǹkan bí ìdajì agbára ẹ̀ ló kù, bẹ́ẹ̀ níbí -18°C kì í ṣe òtútù tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Tower, ìlú kékeré kan ní Minnesota yìí, dé -51°C ní February 2, 1996. Bátìrì tó kún kì í tètè dì, àmọ́ èyí tó ti tán lè dì ní nǹkan bíi -10°C péré. Tẹ́ ẹ bá rí i tí ikùn ẹ̀ wú, ó ti dì nìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ ṣájì rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ so ó mọ́ bátìrì míì, ó lè bú gbàmù lójú yín. Ẹ tú u, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì tó ti bàjẹ́. Tí ò bá dì tẹ́ ẹ fẹ́ fi bátìrì mọ́tò ràn án lọ́wọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò yẹn ná, torí agbára mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ lè jó kọ̀ǹpútà inú snowmobile.

Tẹ́ ẹ bá sì ní okùn, ẹ fa okùn jàre, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ délé.

Ó ń yí, kò gbà: báwo ni mo ṣe máa rí iná pẹ̀lú ojú mi?

Ẹ ra púlọ́ọ̀gì tuntun tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ìwé yín mu. Ẹ tú ti inú ẹ́ńjìnnì, ẹ fi èyí tuntun sínú fìlà wáyà, kẹ́ ẹ wá fi irin ara ẹ̀ gbá irin orí ẹ́ńjìnnì, kó kàn án dáadáa, kó jìnnà sí ihò tẹ́ ẹ ti tú púlọ́ọ̀gì torí epo ń fẹ́ jáde níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì olórí méjì, tó ní púlọ́ọ̀gì méjì, ẹ so méjèèjì báyẹn, ẹ má fi ìkan sílẹ̀ láìkan irin. Ẹ má fọwọ́ dì í mú, 20,000 fóòtì kì í ṣe eré. Ẹ má sì fa okùn nígbà tí púlọ́ọ̀gì ò kan irin kankan, iná tí ò ríbi lọ lè pa dà sẹ́yìn kó ba CDI jẹ́, ìgbà yẹn lẹ máa wá ní ìṣòro gidi.

Ẹ pa iná gáréèjì kó ṣókùnkùn. Ẹ fà á gìrì. Tẹ́ ẹ bá rí iná búlúù tó ta gbọn-ingbọn-in, iná wà. Tó bá pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí tó wá lẹ́ẹ̀kan tó lọ, kò tó. Tí ò bá sí rárá, ẹ ò tíì pàdánù nǹkan kan, ẹ kàn ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà ni.

Ní báyìí, ẹ wo orí méjèèjì. Tí ìkan bá yọná tí ìkejì ò yọ, kì í sábà jẹ́ stator tàbí CDI ẹ̀rọ olórí méjì tó ń lo kọ́ìlì kan náà, torí wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan ni. Ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì láàárín ara wọn, tí àìsàn bá tẹ̀ lé púlọ́ọ̀gì lọ, ẹ ti rí i. Tí ò bá tẹ̀ lé e, ẹ wo fìlà wáyà. Lára àwọn tí fìlà wọn ń yí sórí wáyà bíi nọ́ọ̀tì, ẹ yí i kúrò, ẹ gé bíi mìlímítà márùn-ún kúrò lẹ́nu wáyà tó ti dúdú, kẹ́ ẹ yí i pa dà. Mo ti rí ẹ̀rọ mẹ́ta tí nǹkan kékeré yẹn jí dìde lọ́dún tó kọjá.

Tí orí méjèèjì ò bá yọná, nǹkan tí wọ́n jọ ń lò ló bàjẹ́: súwíìṣì, wáyà, stator, CDI tàbí kọ́ìlì ńlá. Súwíìṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọ̀ràn. Lára àwọn tí bọ́tìnnì ń fi wáyà kan irin, ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́tìnnì pupa àti ti okùn ààbò, kẹ́ ẹ tún wo iná. Tó bá yọ, súwíìṣì ló ń pa á. Ẹ má gùn ún báyẹn o! Ẹ ò ní ní nǹkan tẹ́ ẹ máa fi pa á mọ́, tó bá sítáàtì ẹ fa ṣóòkù kó fi kú. Ẹ ṣe èyí níta, tàbí kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì gbayawu, ẹ̀yin náà mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà.

Eku ló jẹ ẹ́

Eléyìí ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀rọ tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ti wà nínú àgọ́ onípátákó látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń yí, kò gbà. Mo ra bátìrì, mo ra púlọ́ọ̀gì méjì, mo ti fẹ́ ra CDI. Bàbá kan tó ń gbé òdìkejì títì wa, òyìnbó, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ti ń gun nǹkan yìí láti kékeré, ló ní kí n dúró ná.

Bàbá ò mú mítà dání. Ó dé tọ́ọ̀ṣì sórí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó wá ń fi ìka tọ wáyà láti ìdí stator bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún nínú ẹsẹ̀ ọmọdé. Nígbà tó dé ẹ̀yìn àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó dúró. Ó fa koríko gbígbẹ jáde, ó fa fóòmù jáde, fóòmù àga ẹ̀rọ yẹn náà ni, èèpo èso sunflower wá ń dà sílẹ̀. Eku ti kọ́ ilé síbẹ̀. Wáyà méjì ló jẹ, kọ́pà ìkan ti dúdú, ó ti fẹ́ já. Ìkejì ò já rárá, rọ́bà ẹ̀ nìkan ni eku bó, ihòòhò kọ́pà wá fara ti irin bọ́dì. Wáyà bọ́tìnnì pupa ni. Lójú CDI, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì pupa mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án lóru, kò sí bí mo ṣe máa fa okùn tó, iná ò lè dé orí púlọ́ọ̀gì.

Bàbá gé ibi tó bàjẹ́, ó so ó, ó fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Mo fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà.

Látìgbà yẹn, kí n tó gbé mítà ni mo ti máa ń fojú àti ìka wo gbogbo wáyà. Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ wo inú ẹ̀. Tí ẹ bá rí àwọ̀ ewé lára kọ́pà, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún sọ́kẹ́ẹ̀tì iná sí i, kì í ṣe gíríìsì bẹ́árìn.

Ó máa ń sítáàtì, tó bá gbóná tán ló ń kú

Ọ̀rẹ́ mi kan ba èyí pàdé lórí Upper Red Lake níbi tó ti lọ pẹja. Láàárọ̀ ó gbà ní ìfà àkọ́kọ́, ó rìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó kú fin-ín. Ó dúró nínú òtútù fún bí ìdajì wákàtí, ó tún gbà, ó tún kú. Stator ni. Kọ́pà inú ẹ̀ ti ní ibi tó fẹ́ já, tó bá tutù ó fara kan ara ẹ̀, tó bá gbóná ó fẹ̀, ó lanu, kọ́rẹ́ǹtì já. Ìdí tí mẹ́káníìkì fi máa sọ pé òun ò rí nǹkan kan nìyẹn, torí ẹ̀rọ ti tutù kẹ́ ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ sọ fún un bó ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́, kó gbé mítà lé e nígbà tó gbóná.

Ohun tí mítà ń wò lára stator ni bí kọ́pà yẹn ṣe ń dí kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà tó, ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nọ́ńbà kan náà fún gbogbo wọn, ẹ má lo èyí tẹ́ ẹ rí lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tí mítà bá kọ OL, wáyà inú ẹ̀ ti já. Ẹ tún fi ẹnu mítà kan lé irin bọ́dì: lára kọ́ìlì tí kò yẹ kó kan irin, tí mítà bá mú nọ́ńbà kankan wá, kọ́pà ti bó kan irin nìyẹn.

Ìgbà wo ni mo lè wá ra CDI?

Ìgbẹ̀yìn ni. Mítà lásán ò lè sọ fún yín bóyá CDI dáa, ẹ ò lè mọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo nǹkan yòókù kúrò: púlọ́ọ̀gì dáa, fìlà dáa, súwíìṣì dáa, wáyà dáa, nọ́ńbà stator àti ti kọ́ìlì bá ìwé mu, iná ò tún sí. Òun nìkan ló kù. Ó wọ́n, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í sì í gba nǹkan oníná pa dà tẹ́ ẹ bá ti so ó mọ́ ẹ̀rọ. Tẹ́nì kan bá lè yá yín tirẹ̀ tí nọ́ńbà ẹ̀ bá tiyín mu fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tó bá kú sórí adágún ńkọ́?

Ẹ má fa okùn títí ẹ máa fi làágùn, òógùn tó bá dì sára ló ń pa èèyàn. Bọ́tìnnì pupa, okùn ààbò, púlọ́ọ̀gì, fìlà: mẹ́rin yẹn nìkan lẹ lè ṣe níbẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tí kò bá gbà, ẹ pe èèyàn nígbà tí fóònù ṣì ní iná, kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má dá lọ. Ẹ sọ fún ará ilé ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dé. Fóònù, ẹ fi sí àpò inú tó kan ara yín, òtútù ń pa bátìrì ẹ̀ bó ṣe ń pa ti ẹ̀rọ. Púlọ́ọ̀gì tuntun méjì àti sípánà ẹ̀, inú àpò yẹn náà ni kẹ́ ẹ kó wọn sí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé wọn.